Mo Wá Ọdán Dé Kánádà

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Èmi Ràfíátù ayafọ́tò, tí mo máa ń ní kí ẹ gbé àgbọ̀n sókè kí ẹ má sì ṣẹ́jú, mo ti dé. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo yín ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni òtútù ibẹ̀ máa ń gé etí èèyàn jábọ́? Mi ò mọ̀ o. Ìgbà ooru wọn ni mo lọ, mo làágùn bí ẹni ń gúnyán. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ti rìn jìnnà, mo ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Àbúrò mi Mùfútáù ti pẹ́ ní Kánádà. Brampton ló ń gbé, ìlú tó fara ti Toronto, tírélà ló sì ń wà. Ìyàwó rẹ̀, Sìmbíátù, lóyún, wọ́n sì fẹ́ kí Màmá wa wá bá wọn wẹ ọmọ náà. Fisà Màmá ti jáde, ẹsẹ̀ Màmá nìkan ló kù. Màmá sì ní ẹsẹ̀ àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n ní àwọn ò lè dàgbà tán kí wọ́n wá há àwọn mọ́nú ilé bí adìyẹ tó ń sàba.

Ohun kan ṣoṣo ló ń rọ Màmá lọ́kàn nípa ibẹ̀. Nígbà kan, Mùfú fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé: “So fun Mama pe bi ise ba su mi, mo maa n lo sinmi leti odan kan. Okan mi a si bale.” Mo kà á sí Màmá létí, inú wọn dùn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọdán ló wà níwájú ilé wa, abẹ́ rẹ̀ ni Bàbá wa ń jókòó sí títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Màmá ní, “Ọlọ́run tóbi. Ọmọ mi rí ọdán fẹ̀yìn tì nílẹ̀ àjèjì. Ràfí, lọ ya fọ́tò ọdán yẹn wá fún mi. Bí mo bá fojú ara mi rí i, màá lọ.”

Fọ́tò tí Mùfú ń fi ránṣẹ́, Màmá ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní fóònù máa ń parọ́. Tèmi tí mo bá tẹ̀ sórí bébà ni wọ́n gbà. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà kọ́rùn nìyẹn, tí mo wọ bàálù lọ wá igi.

Pẹ̀lẹ́ àwọn òyìnbó

Bí mo ṣe jáde sí gbangba ní pápákọ̀ òfurufú ni mo rí Mùfú. Ó ti sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti pọ̀ ju ti lèmọ́mù lọ. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èrò. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ sáré dé, ó rò pé ó dákú ni.

Mùfú gbórí sókè nílẹ̀ níbẹ̀. “I'm fine, sir. It's my sister.”

Ẹ̀ṣọ́ náà wá ń wò mí, bíi pé èmi ni mo lu ọmọ ọlọ́mọ ṣubú.

Àìṣá, ọmọ Mùfú, ló kàn. Mo nàró, mo ń retí ìkúnlẹ̀. Ọmọ yìí sáré wá, ó so mọ́ mi lọ́rùn, gèlè mi sì lọ sí ìpàkọ́.

“Àìṣá, ṣé dáadáa lo wà?”

“I'm good, Auntie! Is that a real camera? Does it have filters?”

Filter tí èmi mọ̀ ni asẹ́. Mo ní asẹ́ ògì kọ́ ni mo gbé wá, kámẹ́rà ni. Mùfú rẹ́rìn-ín títí a fi dé ibi tó gbé mọ́tò sí.

Ní ọjọ́ kẹta, Sìmbí mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní subway lọ sí àárín ìlú Toronto. Mo tẹ ọkùnrin kan mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀. Òun ló sọ pé “sorry.” Mo ní rárá sà, èmi ni mo ṣẹ̀. Ó tún ní “sorry.” Mo fẹ́ máa bá a jà sí i kí n tó gbọ́ ohùn Sìmbí létí mi.

“Àǹtí mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́ tiwọn nìyẹn.”

Háà! Àwa tá a máa ń kí ẹni tó kọsẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, tá a máa ń kí ẹni tó sín ní pẹ̀lẹ́, a ní ìbátan lókè òkun, a ò mọ̀. Ìkíni ni wọn ò mọ̀ ṣe. Mo wọ inú ọkọ̀ ní òwúrọ̀, mo kí gbogbo wọn ní “good morning.” Ẹnì kan yọ nǹkan tó kì bọ etí, ó wò mí dáadáa bóyá òun mọ̀ mí rí, ó sì kì í padà sétí.

Fọ́tò yíyà ló wá di wàhálà. Ní Ṣakí, bí mo bá gbé kámẹ́rà sókè, ẹ̀yin lẹ máa ń sáré lọ pààrọ̀ aṣọ. Ní Toronto, mo gbé e sí ọmọ jòjòló kan tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ìyá rẹ̀ sì yí kẹ̀kẹ́ náà padà wìì. Sìmbí fà mí láṣọ. “Ẹ máa bi wọ́n kẹ́ ẹ tó yà wọ́n o, Àǹtí mi! Wọ́n máa ń bínú sí i.” Mo wá rí i pé ọwọ́ ò lójú, bàtà ò sì mọ ẹjọ́ rò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn nǹkan tí èèyàn kì í kà sí: bàtà àwa obìnrin lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní Mississauga, ìlú tó wà nítòsí Brampton, lọ́jọ́ Jímọ̀, sálúbàtà òkè òkun àti sálúbàtà Ìbàdàn pọ̀ mọ́ra, ọwọ́ Sìmbí tó ń wọ̀n ata rodo nínú ìṣáàsùn kékeré, aṣọ tí Mùfú fi ń wa tírélà tí wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó rán mi. Ó kàn ń dùn mọ́ mi ni.

Lórí oúnjẹ ni mo ti bi Mùfú. Mo ní, “Ibi tó o kọ ránṣẹ́ sí Màmá yẹn, tó o ti máa ń sinmi, níbo ló wà?”

Ojú rẹ̀ tàn. “Àǹtí mi! Ibẹ̀ jìn o, prairie ni. Mo ní load kan tí mò ń gbé lọ sápá ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Màá bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀.”

Èmi rò pé Prairie lorúkọ abúlé tí igi náà wà.

Igi, igi, igi

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, mo gun tírélà. Mi ò gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹní wọ mọ́tò iṣu, iwájú ni mo jókòó sí, lókè téńté. Òrùlé mọ́tò àwọn èèyàn ni mò ń wò nísàlẹ̀. Ibùsùn wà lẹ́yìn àga, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Tòkè ni mo sùn. Mo pariwo pé mo fẹ́ já bọ́, Mùfú ní kí n fi bẹ́líìtì de ara mi mọ́ ọn, mo sì dè é.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni igi. Láti ìgbà tá a ti kúrò ní agbègbè Toronto, igbó ló gba ọ̀nà. Igi níhìn-ín, igi lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, igi náà ni. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kan tí mi ò rí etí rẹ̀ kejì, mo pè é ní òkun, Mùfú ní adágún lásán ni. Gbogbo igi tó bá tóbi díẹ̀ ni mò ń nàka sí.

“Ṣé ibí ni?”

“Rárá o. Ẹ ṣe sùúrù.”

Níbi tí àwọn onítírélà ti ń dúró jẹun, mo po gàrí pẹ̀lú kúlíkúlí. Bàbá kan tó wé láwàní, awakọ̀ bíi ti Mùfú, ará Íńdíà, wá jókòó tì wá pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ìyàwó rẹ̀ dín, ó sì bù ú fún wa láìjẹ́ pé a tọrọ. Ó fún mi ní ata kan tí wọ́n rẹ sínú òróró. Mo ní ata wo ni ọmọ Òkè-Ògùn ò tíì jẹ rí? Mo sín títí omi fi dà lójú mi, bàbá náà sì ń sọ pé “sorry, sorry.” Àwa náà fún un ní kúlíkúlí. Ó fi eyín dán an wò, ó ronú díẹ̀, ó ní ìyá òun máa ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́. Ó kó ìyókù sápò.

Do-do

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, igi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni.

“Mùfú, igi ti ń tán o.”

“Ẹ rí i àbí?” Inú rẹ̀ ń dùn. “A ti ń débẹ̀ nìyẹn!”

Mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀, igi náà nìkan ló máa dá dúró, fọ́tò rẹ̀ á sì mọ́. Mo nu ojú kámẹ́rà mi sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Mùfú yà kúrò lójú títì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Àǹtí mi, ẹ wò ó. Ọ̀dàn rèé!”

Mo wo iwájú. Koríko. Mo yíjú sí ọ̀tún, koríko. Mo yí lọ sẹ́yìn tírélà, mo bá koríko níbẹ̀, pẹ̀lú ojú ọ̀run tó tóbi débi pé mo fọwọ́ di gèlè mi mú.

“Kí lo pè é?”

“Ọ̀dàn. Ilẹ̀ koríko tí wọ́n ń pè ní prairie níbí, èyí tí mo kọ̀wé rẹ̀ sí Màmá.”

“O ò kọ ọ̀dàn. Ọdán lo kọ.”

“Ọdán bí igi? Àǹtí mi, níbo lẹ ti rí igi níbí?”

“Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyẹn!”

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ náà jáde. O, d, a, n. Kò sí àmì kankan lókè, kò sí nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí tíṣà fi ẹgba kọ́ ní do-re-mi, ẹ wá gbọ́ o: re-mi ni mo gbé láti Ṣakí, do-do ni mo bá pàdé, dòdò tí kò sì lẹ́wà. Ẹ̀rín pa mí, mo jókòó sílẹ̀. Mùfú náà jókòó, ó ń fọwọ́ gbá koríko. Tírélà mìíràn ń kọjá lọ, ó fun fèrè sí wa, àwa méjèèjì sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín lákọ̀tun.

Mùfú ló kọ́kọ́ dákẹ́.

“Kí ni Màmá ní kẹ́ ẹ yà wá?”

“Fọ́tò igi. Wọ́n ní táwọn bá rí i, àwọn máa wá.”

“Tí wọn ò bá wá rí i ńkọ́?”

 Ó já ewéko kan, ó ń fi eyín gé e. Ó ní, “Wọn ò ní wá nìyẹn.”

Ó dùn mí fún un, mi ò purọ́. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú koríko náà, ó ti gbẹ díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì wọ̀ mí nímú: òórùn ọ̀nà oko Bàbá wa, lápá Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, nígbà tí Bàbá máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wa, èmi lẹ́yìn, Mùfú lórí irin iwájú. Mo sọ fún un. Kò yà á lẹ́nu rárá.

“Ìdí tí mo fi máa ń dúró síbí nìyẹn. Àǹtí mi, bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì báyìí, mo máa ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ Bàbá.”

Gbogbo wa la ti Ṣakí wá

Lórí ọ̀dàn yẹn, ẹ ò ní gbàgbọ́, wọ́n máa ń kíni! Gbogbo awakọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ló ń gbé ìka kan sókè lórí sítíárì. Ìka kan péré, àmọ́ wọn ò fo ẹnikẹ́ni. Èmi ń fi ọwọ́ méjèèjì dáhùn.

Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dúró nígbà tó rí wa nílẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, òyìnbó àgbẹ̀, fìlà rẹ̀ ti ṣá. Ó rò pé ọkọ̀ wa ló bà jẹ́. Mùfú ní rárá sà, ẹ̀rín ló mú wa jókòó. Bàbá yìí bi mí ibi tí mo ti wá.

Mo ní, “Ṣakí.”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ náà la wà yìí.

Mo ní rárá, Ṣakí ni mo ti wá.

Ó ní gbogbo àwọn náà ni, apá ibo níbẹ̀?

A ṣe báyìí títí, Mùfú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń di ikùn mú. Ìgbà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló tó ṣàlàyé fún mi pé Saskatchewan ni orúkọ ìpínlẹ̀ yẹn, Sask ni wọ́n sì ń gé e sí. Bàbá yìí rò pé ọmọ ìlú òun ni mí tó kàn ń fi ohùn dídùn pè é. Nígbà tó yé e, ó ní ọmọ ìlú òun náà ni mí, kí a wá jẹun.

Ilé rẹ̀ ò jìn. Ìyàwó rẹ̀ ti yan nǹkan kan tó dà bí mítípáì, àmọ́ èso dúdú kéékèèké aládùn ló wà nínú rẹ̀. Eyín gbogbo wa di aró. Mo ní kí bàbá jẹ́ kí n yà á, ó fẹ́ lọ wọ kóòtù. Mo ní aṣọ iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́. Ó ní ta ni yóò wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Mo ní odidi Ṣakí. Ó wá dúró gbọn-in, ó gbé àgbọ̀n sókè, èmi ò sì tíì ní kó gbé e.

Ẹ̀yìn ilé wọn ni mo ti rí i: igi, ọ̀wọ́ kan gbáko, tí bàbá rẹ̀ àgbà gbìn kó máa gba ìjì. Mùfú ti rí i ṣáájú mi. Ó sáré lọ sábẹ́ èyí tó tóbi jù, ó fẹ̀yìn tì í, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àǹtí mi, ẹ yà á. Màmá ò ní mọ̀.”

Mo yà á. Ó dára gan-an.

Ní ìrọ̀lẹ́ a padà sídìí tírélà wa. Mùfú ṣe àlùwàlá pẹ̀lú omi inú kẹ́ẹ̀gì, ó tẹ́ ẹní sórí koríko, ó dojú kọ kíbùlà. Èmi jókòó sókè níwájú ọkọ̀. Ẹ̀yin obìnrin mọ ìdí tí mi ò fi bá a kírun lọ́jọ́ yẹn. Oòrùn ibẹ̀ kì í tètè wọ̀, ńṣe ló ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀. Mùfú jókòó lórí ẹní rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń tọrọ. Mo gbé kámẹ́rà, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì ń bá a lọ láti máa fi ahọ́n yọ èso nínú eyín mi.

Báàfù àti fídíò

Nígbà tá a padà dé Brampton, Sìmbí ní kí n jẹ́ kí òun rí fọ́tò. A sọ ìtàn do-do fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ gbé ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo fọ́tò Mùfú lábẹ́ igi fún ìgbà pípẹ́.

“Àǹtí mi, èyí ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n o, ẹ dákun. Nígbà tí mo bí Àìṣá, fídíò ni mò ń wò tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́. Màá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù. Tí ọṣẹ bá ta sí i, fídíò á dúró, ọmọ á wà lọ́wọ́ mi nínú omi, mi ò ní mọ èyí tó kàn.” Ó tún ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ ti ń ṣomi. “Mi ò fẹ́ fi fídíò wẹ eléyìí.”

Àìṣá tó ń ṣeré nílẹ̀ gbójú sókè. “Is Grandma coming or not?”

Mo ní wọ́n ń bọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Lọ́wọ́ Màmá

Mo tẹ gbogbo fọ́tò náà sórí bébà ní ṣọ́ọ̀bù mi kí n tó lọ bá Màmá. Wọ́n ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wo bàtà ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ta ló ní sálúbàtà tó já yẹn, kó lọ rán an. Wọ́n wo Àìṣá, wọ́n ní èékánná rẹ̀ gùn jù. Wọ́n wo bàbá àgbẹ̀, wọ́n ní kí ló ń bí ẹni ẹlẹ́ni nínú?

Wọ́n wá na ọwọ́. “Ọdán ńkọ́?”

Mo mú ti abẹ́ igi. Mo ti nà án dé agbede méjì kí ọwọ́ mi tó kọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ayé yìí, fọ́tò tí èmi bá tẹ̀ nìkan ni ìyá yìí gbà gbọ́. Mo fà á padà sínú àpò, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn, àti do, àti re, àti mi, àti koríko, àti ẹ̀rín tó pa wá nílẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín débi pé ìborùn wọn já bọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n ní, “Kò sí igi nígbà náà.”

“Kò sí, Màmá.”

Wọ́n kó ìyókù fọ́tò mọ́ra, wọ́n ń ṣí i láìwò ó dáadáa, títí wọ́n fi kan ti Mùfú lórí ẹní. Wọ́n dúró lórí ìyẹn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà.

“Òun nìyí?”

“Òun ni.”

“Òun nìkan? Kò sí lèmọ́mù níwájú, kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn?”

“Òun nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, Màmá.”

“Tó bá wá ṣe àdúrà tán, ta ló ń bá a ṣe àmín?”



Màmá ní kí n pe Mùfú. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó ṣì wà nínú tírélà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn káàárọ̀, ó ń bi wọ́n léèrè oorun, àmọ́ Màmá ò jẹ́ kó kí wọn tán.

“Mùfútáù, àdúrà tó o wà lẹ́nu ẹ̀ yẹn, má tíì pa á dé o. Dúró dè mí. Mò ń bọ̀ wá ṣe àmín.”